Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á: Bí ẹbí ṣe lè ra kọ̀ǹpútà àti sípíkà ní Johannesburg láì ra àbámọ̀

Láti ìparí oṣù Kọkànlá, nígbà tí àwọn ilé ìtajà Johannesburg bá ti gbé pátákó Black Friday síta, títí di oṣù Kìíní tí àwọn ọmọ ń wọlé fún ọdún ẹ̀kọ́ tuntun, ọ̀rọ̀ kan náà ló máa ń wà lẹ́nu àwọn òbí. Ọmọ ń béèrè láptọ́ọ̀pù. Ìyàwó tó ń kàwé láti ilé ní yunifásítì UNISA nílò èyí tí kò ní kú mọ́ ọn lọ́wọ́ lọ́jọ́ ìdánwò. Ìgbìmọ̀ ṣọ́ọ̀ṣì ti dá owó jọ láti ra sípíkà tuntun. Bẹ́ẹ̀, owó ilé, owó ilé ìwé àti owó tí wọ́n ń retí nílé ní Nàìjíríà kò dúró de ẹnikẹ́ni.

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ a ti rí ọbẹ̀ tí owó pa tí kò dùn, a sì ti rí èyí tí owó rẹ̀ kò tó nǹkan tí gbogbo ilé ń lá àwo. Bí ọjà kọ̀ǹpútà àti sípíkà ṣe rí náà nìyẹn.

Ohun tí a fẹ́ sọ nínú àpilẹ̀kọ yìí kò ju ẹyọ kan lọ. Ibi tí a kò ti ní lè ṣe àtúnṣe lẹ́yìn tí a bá ti ra ọjà, ibẹ̀ ni kí owó wọlé sí. Ibi tí a ti lè ṣe àtúnṣe tàbí àfikún tó bá yá, ibẹ̀ la ti lè ṣọ́wó ná. Ohun kan sì wà tí ọ̀pọ̀ kì í kà mọ́ ọn: ẹ̀tọ́ láti dá ọjà padà jẹ́ ara ohun tí a ń fi owó rà.

Iye tí wọ́n kọ sára ọjà kọ́ ni iye rẹ̀

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò kékeré kan ṣe àpẹẹrẹ. Ká ní ẹnì kan ra láptọ́ọ̀pù ní R4,000, tó sì lò ó fún oṣù 8 kó tó dákẹ́. R500 ló ná an lóṣooṣù. Ká ní ẹlòmíì ra tiẹ̀ ní R8,400, tó sì lò ó fún ọdún 4. Oṣù 48 nìyẹn, R175 ló sì ná an lóṣooṣù. Ẹni tó ra ti R4,000 rò pé òun ṣọ́wó, bẹ́ẹ̀ òun gan-an ló náwó jù.

Àmọ́ ẹ má gbọ́ ọ sí pé ọjà tó wọ́n jù ló dára jù. Láptọ́ọ̀pù R21,600 tí wọ́n ṣe fún géèmù, tí ọmọ kan fi ń tẹ iṣẹ́ àṣetiléwá nìkan fún ọdún 4, R450 ló ń jẹ lóṣooṣù. Owó tó yẹ kó san owó ọkọ̀ ilé ìwé ló bá agbára tí ẹnikẹ́ni kò lò lọ. Nítorí náà, ìbéèrè àkọ́kọ́ kì í ṣe "Èló ni?" Ìbéèrè àkọ́kọ́ ni "Kí la fẹ́ fi ṣe, fún ọdún mélòó?" Ẹ kọ ìdáhùn rẹ̀ sínú ìwé kí ẹ tó kúrò nílé. Ẹni tó bá dé ilé ìtajà láì mọ ohun tó ń wá, ohun tí wọ́n fẹ́ tà ni yóò rà.

Láptọ́ọ̀pù: ohun tí a kò lè yí padà

Lára láptọ́ọ̀pù, ohun tí a kò lè yí padà ni pírósẹ́sọ̀, èyí tó jẹ́ ọpọlọ rẹ̀. Nínú ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òde òní, RAM náà kò ṣeé yí padà mọ́, nítorí pé wọ́n ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù. Ojú láptọ́ọ̀pù ṣeé pààrọ̀, àmọ́ owó rẹ̀ lè fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìdajì owó ọjà. Ibi wọ̀nyí ló yẹ kí owó yín kọ́kọ́ dé.

Ẹni tó ń tà á lè sọ fún yín pé "i7 ni o, mọ́mì!" kó sì jẹ́ òótọ́. Nọ́ńbà tó tẹ̀ lé i ló yẹ kí ẹ wò. Bí ẹ bá rí Core i5-8250U, 8 tó wà níwájú ń sọ pé ìran kẹjọ ni. Bí ẹ bá rí i7-4600U, ìran kẹrin ni. Bí ẹ bá rí i5-1135G7, 11 ló wà níwájú, ìran kọkànlá ni. i5 ìran kẹjọ yẹn ní ọpọlọ mẹ́rin nínú, i7 ìran kẹrin yẹn ní méjì péré. Orúkọ ńlá kò sọ ògbólógbòó di tuntun.

Ìdí mìíràn wà tí ìran yìí fi ṣe pàtàkì. Ọjọ́ 14 oṣù Kẹwàá ọdún 2025 ni ìtìlẹ́yìn Microsoft fún Windows 10 parí. Windows 11 tó rọ́pò rẹ̀ kì í sábà gba pírósẹ́sọ̀ Intel tí kò bá tó ìran kẹjọ, ó sì ń béèrè ohun ààbò kan tí wọ́n ń pè ní TPM 2.0. Láptọ́ọ̀pù ìran kẹfà lè tàn, kó sì máa ṣiṣẹ́ níwájú yín, àmọ́ kò ní rí àtúnṣe ààbò gbà bó ṣe yẹ mọ́. Bí ẹ bá fẹ́ fi wọ inú àkáǹtì báǹkì yín, ìyẹn kì í ṣe ohun tí a ń fojú fò. Nígbà tí owó láptọ́ọ̀pù kan bá lọ sílẹ̀ ju ti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ, ẹ kọ́kọ́ wo ìran rẹ̀ ná.

Ní ti RAM, 8GB ló yẹ kó kéré jù fún ilé tó ń lò ó fún ẹ̀kọ́, ìpàdé orí íntánẹ́ẹ̀tì àti iṣẹ́ ọ́fíìsì. Microsoft ní 4GB tó fún Windows 11, àmọ́ kó tàn yàtọ̀ sí kó ṣeé lò. Bí RAM náà bá jẹ́ èyí tí a lè fi kún, ẹ lè bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 8GB kí ẹ fi kún un lọ́jọ́ iwájú. Bí wọ́n bá ti jó o mọ́ bọ́ọ̀dù, iye tí ẹ rà ni iye tí ẹ ó lò títí.

Ibi tí a ti lè ṣọ́wó ni ibi ìpamọ́ nǹkan. SSD 256GB yá ju hádì dísìkì 1TB lọ fíìfíì, bó tilẹ̀ jẹ́ pé nọ́ńbà 1TB ló tóbi jù lójú. Bí àwòrán àti fídíò bá kún un, ẹ lè ra hádì dísìkì àfikún sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún láptọ́ọ̀pù kékeré tó ní 64GB péré tí wọ́n ti jó mọ́ bọ́ọ̀dù. Windows nìkan yóò gba apá tó pọ̀ nínú àyè náà, nígbà tí àtúnṣe bá sì dé, ó lè má sí ibi tí yóò wọ̀.

Bákan náà, ẹ má ra fláàṣì 2TB tí wọ́n ń tà ní owó pọ́ọ́kú lójú títì. Ọ̀pọ̀ irú rẹ̀ jẹ́ ayédèrú: kọ̀ǹpútà yóò máa ka 2TB, àmọ́ àyè tó wà nínú rẹ̀ gan-an kò tó nǹkan. Gbogbo fáìlì tó bá ti kọjá àyè yẹn ti sọnù nìyẹn, ìgbà tí ẹ bá sì wá a kiri lẹ ó tó mọ̀.

Tòkunbọ̀ kì í ṣe ẹ̀gbin, àmọ́ kò yẹ kó jẹ́ àdììtú

Ẹni tó bá ti rin Computer Village ní Ìkẹjà mọ tòkunbọ̀ dáadáa. Ní Johannesburg, refurbished ni wọ́n máa ń kọ sára irú rẹ̀. Púpọ̀ nínú wọn jẹ́ láptọ́ọ̀pù tí ilé iṣẹ́ ńláńlá lò fún ọdún mélòó kan tí wọ́n sì kó jáde: ThinkPad, Latitude, EliteBook. Wọ́n ṣe irú àwọn wọ̀nyí fún òṣìṣẹ́ tó ń lò ó láàárọ̀ dalẹ́, nítorí náà ara wọn le, ẹ̀yà wọn sì wọ́pọ̀ lọ́jà. Láptọ́ọ̀pù ilé iṣẹ́ tó ti pé ọdún mẹ́ta lè sàn ju tuntun tí wọ́n fi ike lásán ṣe ní iye owó kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ má ra tòkunbọ̀ láì fún un ní ìdajì wákàtí. Ẹni tó ń tà á tí kò fẹ́ kí ẹ jókòó tì í ti dá yín lóhùn. Ohun tó yẹ kí ẹ yẹ̀ wò nìwọ̀nyí:

• Ẹ ní kó pa á pátápátá, kó sì tún un tàn níṣojú yín. Bó bá ń béèrè ọ̀rọ̀ aṣínà tí ẹni tó ń tà á kò mọ̀, tàbí tó bá ń kí yín káàbọ̀ sí ilé iṣẹ́ kan, láptọ́ọ̀pù náà ṣì wà lábẹ́ àṣẹ ẹlòmíì. Ẹ fi í sílẹ̀.
• Ẹ fi wé ara wọn: nọ́ńbà ìdánimọ̀ tó wà lábẹ́ rẹ̀ àti èyí tó ń yọ nínú rẹ̀. Ó yẹ kí méjèèjì bára mu.
• Ẹ yọ ṣájà, kí ẹ lò ó lórí bátìrì fún ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Lórí Windows, àṣẹ powercfg /batteryreport yóò fi agbára tí bátìrì ní nígbà tó wà ní tuntun hàn yín, àti èyí tó kù.
• Ẹ tẹ gbogbo bọ́tìnì kíbọ́ọ̀dù lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ fi fóònù yín ṣe íntánẹ́ẹ̀tì fún un, kí ẹ wo fídíò kan, kí ẹ gbọ́ ohùn rẹ̀, kí ẹ sì fọwọ́ kan abẹ́ rẹ̀ bóyá ó ń gbóná jù.
• Ẹ ṣí i, kí ẹ pa á dé, bíi ìgbà mẹ́ta. Ibi ìdè ojú rẹ̀ kò gbọdọ̀ mì tàbí kó máa dún.

Bátìrì tó ti rẹ̀ kò ní ká fi ọjà sílẹ̀, nítorí pé ọ̀pọ̀ ṣeé pààrọ̀. Ẹ kàn yọ owó rẹ̀ kúrò nínú iye tí ẹ ó san. Bọ́ọ̀dù tó ti rí omi ni kò ní àtúnṣe tó dájú.

Ọ̀rọ̀ kan wà níbí tó lè kó ẹbí sí wàhálà. Òfin Gúúsù Áfíríkà ọdún 1955 kan ṣì wà nílẹ̀ tó sọ pé ẹni tó bá gba ọjà olè láì ní ìdí gúnmọ́ láti gbà pé ẹni tó tà á fún un ló ni ín, òun náà ti dẹ́ṣẹ̀. "Mi ò mọ̀" nìkan kò tó. Òfin ọdún 2009 lórí ọjà àlòkù sì ní kí àwọn oníṣòwò àlòkù forúkọ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá, kí wọ́n sì máa kọ ẹni tó tà fún wọn sílẹ̀. Fún àjèjì, ìlọ́po méjì ni ewu náà. Láptọ́ọ̀pù R1,500 tí ẹnì kan ń yọ lábẹ́ aṣọ ní igun títì ní Hillbrow, kò sí ibi tó ti pọ́ọ́kú.

Bí ẹ bá sì ń ra nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó polówó lórí Facebook Marketplace tàbí Gumtree, ẹ pàdé rẹ̀ lọ́sàn-án, nínú ilé ìtajà ńlá tí èrò wà. Ẹ mú ẹnì kan dání. Ẹ má sanwó sílẹ̀ kí ẹ tó rí ọjà.

Sípíkà: ariwo kọ́ ni ohùn

Níbi sípíkà ni nọ́ńbà ti ń tan èèyàn jẹ jù. Ẹ ó rí èyí tí wọ́n kọ 5,000W PMPO sára rẹ̀, tí ọmọdé lè fi ọwọ́ kan gbé. PMPO kì í ṣe òdiwọ̀n tí àwọn tó ń ṣe sípíkà jọ fohùn ṣọ̀kan lé lórí; ilé iṣẹ́ lè kọ èyí tó bá wù ú. Nọ́ńbà tó yẹ kí ẹ wá ni ti RMS, èyí tó ń sọ agbára tí ẹ̀rọ náà lè gbé fún ìgbà pípẹ́ láì bàjẹ́. Bí wọn kò bá kọ RMS sí ibikíbi lára páálí rẹ̀, ẹ ti mọ ohun tí wọn kò fẹ́ kí ẹ mọ̀.

RMS pàápàá ní ẹ̀tàn tirẹ̀. Bí agbára bá di ìlọ́po méjì, láti 100W sí 200W, dẹ́síbẹ̀lì 3 péré ló fi kún ohùn. Kí etí tó lè gbọ́ ọ bíi pé ohùn ti di ìlọ́po méjì, agbára ní láti fẹ́rẹ̀ẹ́ di ìlọ́po mẹ́wàá. Nítorí náà, ẹni tó fi R3,000 kún owó kó lè kúrò ní 300W bọ́ sí 400W, ìyàtọ̀ tó rà kò tó kí ẹnikẹ́ni nínú ilé mọ̀ ọ́n.

Etí ni òdiwọ̀n tó dára jù. Ẹ gbé orin tí ẹ mọ̀ dáadáa dání nínú fóònù, kì í ṣe èyí tí ilé ìtajà ti yàn sílẹ̀. Orin King Sunny Ade tàbí ti Ebenezer Obey tí gángan wà nínú rẹ̀ wúlò púpọ̀ fún èyí. Ǹjẹ́ ẹ ń gbọ́ bí gángan ṣe ń yí ohùn padà, àbí gbùù-gbùù ni gbogbo rẹ̀? Ṣé ẹ ń gbọ́ ọ̀rọ̀ tí olórin ń sọ yékéyéké? Ẹ dín ohùn kù pátápátá, kí ẹ tún fetí sí i. Sípíkà tó dára máa ń sọ̀rọ̀ ketekete bí ohùn bá kéré. Èyí tí kò dára, àfi kó pariwo.

Fún ilé, sípíkà kékeré tó ní bátìrì nínú tó fún ọ̀pọ̀ ẹbí. Ẹ béèrè bóyá bátìrì rẹ̀ ṣeé pààrọ̀, kí ẹ sì wò ó bóyá ihò wáyà wà lára rẹ̀ yàtọ̀ sí Bluetooth. Ọjọ́ tí Bluetooth bá bàjẹ́, wáyà ló máa gbà yín.

Owó àjọ: ti ṣọ́ọ̀ṣì àti ti ẹgbẹ́

Nígbà tó bá jẹ́ owó àjọ ni, ìjà lè ti ibẹ̀ wá, nítorí pé gbogbo èèyàn ló dá a. Ohun tí ìjọ fẹ́ ni kí wọ́n gbọ́ ọ̀rọ̀, kì í ṣe kí fèrèsé máa gbọ̀n. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí makirofóònù àti sípíkà méjì tó dára ṣáájú, kí sípíkà báàsì ńlá dúró di ọjọ́ mìíràn. Sípíkà ni ẹ kò lè yí padà láì ra òmíràn. Wáyà, ìdúró sípíkà àti àpótí, a lè ra èyí tó mọ níwọ̀n, ká pààrọ̀ rẹ̀ bó bá yá.

Apá kan sì wà tí kò ní owó nínú rárá: ibi tí a gbé sípíkà sí. Ẹ gbé e ga ju orí àwọn èèyàn lọ, kí ohùn lè dé ẹ̀yìn. Ẹ jẹ́ kó wà níwájú ẹni tó di makirofóònù mú, kì í ṣe lẹ́yìn rẹ̀, kó má bàa máa hu. Nínú gbọ̀ngàn alámọ̀-sìmẹ́ńtì tí ọ̀pọ̀ ìjọ ń háyà, aṣọ fèrèsé tó nípọn àti kápẹ́ẹ̀tì máa ń dín gbohùngbohùn ògiri kù ju ẹ̀rọ olówó ńlá lọ. Ìjọ tó bá kọ́kọ́ ṣe èyí lè rí i pé sípíkà àtijọ́ kò burú tó bí wọ́n ṣe rò.

Ẹ ṣọ́ra fún ayédèrú makirofóònù. Shure SM58, tó ti wà lọ́jà láti ọdún 1966, wà lára àwọn tí wọ́n ń ṣe ayédèrú rẹ̀ jù. Bí owó rẹ̀ bá jẹ́ ìdá mẹ́ta iye tí àwọn ilé ìtajà ohun èlò orin ń tà á, òun kọ́ ni. Kí ìgbìmọ̀ gba iye owó sílẹ̀ láti ilé ìtajà mẹ́ta, kí wọ́n kà á síwájú ìjọ, kí ẹni méjì sì jọ lọ rà á. Ìyẹn ń dáàbò bo owó, ó sì ń dáàbò bo orúkọ ẹni tí wọ́n rán.

Iná, àrá àti ojú plọ́ọ̀gì

Gbogbo wa la ṣì rántí ọdún 2023, tí pípín iná Eskom burú jù lọ. Láti ọjọ́ 26 oṣù Kẹta ọdún 2024, wọ́n lo oṣù mẹ́wàá láì pín iná, kó tó tún padà dé lópin oṣù Kìíní ọdún 2025. Ṣùgbọ́n ní Johannesburg, wáyà tí wọ́n jí gé àti ẹ̀rọ tó gbóná jù ṣì ń mú iná lọ. Ìgbà tí iná bá ń padà bọ̀ ló léwu jù fún ẹ̀rọ, nítorí pé agbára rẹ̀ lè ga lójijì. Àrá náà tún wà. Láti oṣù Kẹwàá sí oṣù Kẹta, àrá sábà máa ń sán lọ́sàn-án ní Johannesburg.

Nítorí náà, ohun ìdáàbò iná tó dára jẹ́ ara owó láptọ́ọ̀pù àti ti sípíkà. Ẹ kà á mọ́ ọn láti ilé. Bí àrá bá sì ń sán, ẹ yọ plọ́ọ̀gì, kí ẹ tún yọ wáyà íntánẹ́ẹ̀tì àti ti ẹ́ríà, nítorí pé ibẹ̀ náà ló ń gbà wọlé.

Àwọn tí ẹbí wọn ń fi ẹ̀rọ ránṣẹ́ láti Amẹ́ríkà, ẹ ka ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀. Iná Amẹ́ríkà jẹ́ 120V, ti Gúúsù Áfíríkà jẹ́ 230V bíi ti Nàìjíríà. Ṣájà láptọ́ọ̀pù sábà máa ń jẹ́ 100-240V, kò séwu. Àmọ́ ámpílífáyà tí wọ́n kọ 120V nìkan sára rẹ̀ yóò jó lọ́jọ́ tí ẹ bá kì í bọ ògiri ní Johannesburg. Ní ti ẹni tó ń ra nǹkan níbí lọ sí Èkó, iná kan náà ni, plọ́ọ̀gì nìkan ló yàtọ̀.

Ẹ̀tọ́ tí ẹ ti sanwó fún

Òfin ààbò oníbàárà ti Gúúsù Áfíríkà, tí wọ́n ṣe ní ọdún 2008, tó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní kíkún ní ọdún 2011, fún oníbàárà ní oṣù 6. Bí ọjà tí ẹ rà lọ́wọ́ oníṣòwò bá ní àbùkù láàárín oṣù 6 yẹn, ẹ lè dá a padà láì san ohunkóhun. Ẹ̀yin ni ẹ ó sì yàn: kí wọ́n tún un ṣe, kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀, tàbí kí wọ́n dá owó padà. Bí wọ́n bá tún un ṣe, tí àbùkù náà tún yọjú láàárín oṣù 3, wọ́n gbọ́dọ̀ pààrọ̀ rẹ̀ tàbí kí wọ́n dá owó padà. Òfin náà kò yọ àlòkù sílẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni kò béèrè ìlú tí oníbàárà ti wá.

Àmọ́ ó ní ààlà. Kò sí fún ẹni tó kàn yí ọkàn padà nílé ìtajà. Kò sí fún àbùkù tí wọ́n ti sọ fún yín gbangba tí ẹ sì gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí fún ọjà tí ẹ gbé lọ sọ́dọ̀ atúnnǹkanṣe ẹ̀bá ọ̀nà tó sì ti tú u wò. Ẹni tó ta láptọ́ọ̀pù ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, tí kì í ṣe oníṣòwò, kò sí lábẹ́ rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí owó ọwọ́ ẹnì kan fi yẹ kó kéré sí ti ilé ìtajà: oṣù 6 yẹn kò sí nínú rẹ̀.

Bí ẹ bá rà á lórí íntánẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́ ilé ìtajà, òfin ọdún 2002 fún yín ní ọjọ́ 7 lẹ́yìn tí ọjà bá dé láti dá a padà láì ṣàlàyé. Owó ìdápadà nìkan lẹ ó san. Òfin tún ní kí ẹni tó bá kó ọjà wọlé láì gba àṣẹ ẹni tó ni orúkọ ọjà náà kọ ọ́ síta gbangba. Bí ẹ bá rí irú àkọlé bẹ́ẹ̀, ẹ mọ̀ pé ilé iṣẹ́ tó ṣe é lè má dá gáráńtì rẹ̀ mọ̀ níbí. Ẹni tó tà á fún yín ni ẹ ó dì mú.

Bí ilé ìtajà bá kọ̀, ẹ kọ̀wé sí ọ̀gá ibẹ̀ ná. Lẹ́yìn náà, ẹ lè gbé e lọ sọ́dọ̀ Consumer Goods and Services Ombud, tí kì í gba owó lọ́wọ́ oníbàárà. Ilé ẹjọ́ Small Claims Court náà wà, níbi tí ẹ ó ti sọ̀rọ̀ fún ara yín láì gba lọ́yà. Láti ọdún 2019, ẹjọ́ tí owó rẹ̀ kò ju R20,000 lọ ni wọ́n ń gbọ́.

Rìsíìtì ni ẹ̀rí gbogbo èyí, òfin sì ní kí oníṣòwò fún yín. Ibi tí ó ti máa ń le ni ìgbà tó jẹ́ ọmọ ìlú wa ló ń tà á, ní Yeoville tàbí Berea, ẹni tí a ń pè ní ẹ̀gbọ́n. Ó dà bíi pé ìwé bíbéèrè jẹ́ ìwọ̀sí. Kì í ṣe ìwọ̀sí. Ẹ fi ọ̀wọ̀ sọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kọ ọ́ sílẹ̀. Kì í ṣe pé mi ò gbà yín gbọ́, nítorí ọjọ́ mìíràn ni." Oníṣòwò tó mọṣẹ́ yóò kọ ọ́, nítorí pé ìwé náà ló ń mú kí ẹ̀yin àti òun ṣì máa kíra yín bí ọjà bá bàjẹ́.

Gbàǹjo àti àwìn

Ní Black Friday, ẹ fi iye oṣù Kẹwàá ṣe òdiwọ̀n, kì í ṣe iye tí wọ́n fi igi fà. Ẹ ya àwòrán iye ọjà tí ẹ ń wá ṣáájú. Bí ó bá lọ sílẹ̀ ní tòótọ́, ẹ rà á. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, oṣù Kejì ṣì ń bọ̀.

Ní ti àwìn, ẹ ṣírò gbogbo rẹ̀ pọ̀. Ká ní láptọ́ọ̀pù R8,400 ni ẹ ó máa san R520 lórí rẹ̀ lóṣooṣù fún oṣù 24. R12,480 nìyẹn, R4,080 ti kọjá owó ọjà. Òfin ní kí wọ́n kọ gbogbo iye náà fún yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé, ẹ sì ní ọjọ́ iṣẹ́ 5 láti rò ó wò lórí iye kan náà. Ẹ gbé ìwé náà wálé. Lay-by sàn jù fún ẹni tó lè dúró: ẹ ó san díẹ̀díẹ̀, ọjà yóò wà lọ́wọ́ wọn títí owó yóò fi pé, kò sì ní èlé.

Bí òbí tàbí ẹ̀gbọ́n bá sì wá kí yín láti Nàìjíríà tó fẹ́ gbé láptọ́ọ̀pù lọ, 15% owó orí ọjà VAT wà nínú iye tó san. Àlejò tí kì í gbé níbí lè béèrè fún un padà ní pápákọ̀ òfurufú O.R. Tambo, bí ìwé ọjà bá ju R250 lọ, tí kò sì tíì pé ọjọ́ 90. Kó béèrè fún tax invoice, kó ní kí wọ́n kọ orúkọ òun sí i, kó sì fi ọjà náà hàn kó tó kó ẹrù fún ọkọ̀ òfurufú. Wọn yóò yọ owó iṣẹ́ díẹ̀ nínú rẹ̀.

Kí ẹ tó mówó jáde

Ẹ bi ara yín ní ìbéèrè márùn-ún. Kí la fẹ́ fi ṣe? Èwo nínú rẹ̀ ni a kò ní lè yí padà, ṣé ìyẹn dára tó? Èwo la lè fi kún nígbà tó bá yá? Bó bá bàjẹ́ lọ́la, ta la ó bá sọ̀rọ̀, ìwé wo la ó fi hàn án? Lẹ́yìn tí a bá sanwó rẹ̀, ṣé owó oúnjẹ oṣù yìí ṣì wà nílẹ̀?

Ẹni tó bá rí ìdáhùn sí márààrún lè sanwó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀, ì báà jẹ́ ní ilé ìtajà ńlá ní Sandton, ì báà jẹ́ ní ṣọ́ọ̀bù kékeré ní Fordsburg. Ẹni tí kò bá rí i, kó padà sílé ná. Ọjà kì í tán lọ́jà. Kí Ọlọ́run jẹ́ ká fi owó wa ra ohun tí yóò bá wa kalẹ́.